Kòríkòsùn Méjì Ni Wọ́n Ń Béèrè: Àyẹ̀wò Ilé Èésú Kan Nítòsí Ọjà Olúwo, Èpé

Ẹni tó bá ń wá ibi tí yóò ti máa dá èésú ní Èpé, tí ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀ lórí owó tó ń fi sílẹ̀, lè gbé ilé èésú tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí yẹ̀ wò, nítorí pé láti ìgbà tí mo ti wà níbẹ̀, n kò tíì rí ẹni tí ọjọ́ ìkówó rẹ̀ pé tí wọ́n ní kó padà wá lọ́la. Ilé náà kò jìnnà sí Ọjà Olúwo, ọjà ẹja tí àwọn oníbàárà ń ti Èkó àti Ìjẹ̀bú wá ná, àwọn tó sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń dá owó níbẹ̀ ni àwọn ìyá tó ń ta ẹja tútù, àwọn tó ń yan ẹja, àwọn aránṣọ, àwọn olùkọ́ àti àwọn awakọ̀ tó ń ná Èpé sí Ìkòròdú. N óò sọ bí wọ́n ṣe ń gba owó àti bí wọ́n ṣe ń san án, ṣùgbọ́n ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n tẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù ìwọlé wọn, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ agbára ilé náà, tó sì tún jẹ́ ibi tí mo ti rí àléébù tó tóbi jù lọ nínú ètò wọn. Ọ̀rọ̀ náà ni kòríkòsùn.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ni kò ya àjọ sọ́tọ̀ kúrò lára èésú mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò ní mọ ìdí tí ilé èésú fi ń wádìí ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Àjọ ni èyí tí alájọ máa ń wá gbà ní ìsọ̀ ẹni lójoojúmọ́, tí yóò sàmì sí káàdì, tí yóò sì kó gbogbo owó náà fún olówó nígbà tí oṣù bá parí, lẹ́yìn tó bá ti yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Owó ẹni ni ẹni ń kó. Ti èésú kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn 12 bá ń dá ₦20,000 lóṣooṣù, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò kó ₦240,000 lóṣù náà, ẹlòmíràn yóò kó ti oṣù tó tẹ̀ lé e, títí yóò fi kárí. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o ti ná owó tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò tíì ṣiṣẹ́ rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sì ní lọ́wọ́ ni ìgbàgbọ́ pé yóò máa dá a nìṣó títí tí yóò fi kan ẹni ìkẹyìn. Kò sí èlé nínú rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ ní Èpé, fi fẹ́ràn rẹ̀ ju owó báǹkì lọ. Ètò yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ wa débi pé àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun gbé e dání lọ, tí àwọn ará Trinidad sì ń pè é ní susu títí di òní olónìí.

Nítorí náà, gbogbo ilé èésú ló gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà láti mọ irú ènìyàn tí wọ́n ń gbà wọlé. Àwọn kan ń béèrè ìwé ilé, àwọn kan ń gba fọ́tò àti nọ́ńbà káàdì ìdánimọ̀, àwọn mìíràn kò sì béèrè ohunkóhun ju owó àkọ́kọ́ lọ, ojú wa sì ti rí ibi tí ìyẹn máa ń já sí. Fọ́ọ̀mù ti ilé èésú yìí kò gùn rárá. Ó béèrè orúkọ, ilé, iṣẹ́, nọ́ńbà ìsọ̀ bí ènìyàn bá wà lọ́jà, nọ́ńbà fóònù àti àkáǹtì tí wọn yóò san owó sí. Lábẹ́ gbogbo ìyẹn ni ìlà méjì wà, tí wọ́n kọ sí iwájú èkíní pé «Orúkọ kòríkòsùn rẹ àkọ́kọ́», tí wọ́n sì kọ sí iwájú èkejì pé «Orúkọ kòríkòsùn rẹ kejì». Wọn kò kọ onídùúró síbẹ̀, wọn kò kọ ẹlẹ́rìí, wọn kò sì kọ ìbátan. Àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara wọn rìn wá.

Kí a gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò dáadáa, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo àyẹ̀wò yìí dúró lé. Kò rí, kò sùn: ẹni tí a kò bá tíì fojú kàn, tí a kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀, tí oorun kò ní wá títí a ó fi mọ̀ pé àlàáfíà ló wà. Ojúlùmọ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí ojú nìkan ló mọ̀ ọ́n. A ń kí i lọ́jà, a ń bi í léèrè àwọn ọmọ, ọjọ́ tí kò bá sì wá, a lè má mọ̀ pé kò wá. Ọ̀rẹ́ ju ojúlùmọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ pọ̀ ní oríṣiríṣi: ọ̀rẹ́ ilé ìwé wà, ọ̀rẹ́ ibi iṣẹ́ wà, ọ̀rẹ́ òde ayẹyẹ tí a kì í rí àfi bí aṣọ ẹgbẹ́ bá délẹ̀ náà wà. Alábàárò ni ẹni tí a ń gbé ọ̀rọ̀ tó bá wúwo lọ bá, tí a sì ń gbọ́ ìmọ̀ràn rẹ̀. Ènìyàn lè máà rí alábàárò rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, síbẹ̀ kí ó jẹ́ pé òun náà ni yóò sáré lọ bá lọ́jọ́ tí nǹkan bá le. Ìmùlẹ̀ ní tirẹ̀ ti wọ ìbúra. Àwọn tó mulẹ̀ ti fi ilẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí láàárín ara wọn, àwọn àgbà sì sọ pé ẹni tó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ.

Kòríkòsùn kò ní ìbúra nínú, kò sì fi dandan ní ìmọ̀ràn nínú. Ohun tó ní ni ojoojúmọ́. Bí a bá rí ẹnì kan tó ń dá rìn lọ́nà ọjà, a ó bi í pé, «Kòríkòsùn rẹ dà?», gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ yóò sì mọ ẹni tí à ń béèrè. A kì í sọ ọ́ nípa àna, a kì í sábà sọ ọ́ nípa ọ̀gá ẹni, bẹ́ẹ̀ ni a kì í sọ ọ́ nípa ẹni tí a ń bọ̀wọ̀ fún jù láti bá jẹun nínú àwo kan náà. Àwọn ọmọdé ilé ìwé a máa lò ó, àwọn àgbàlagbà a sì máa lò ó, àwọn ìyá a tilẹ̀ máa fi ṣe ìkìlọ̀ fún ọmọ tí wọ́n bá ń fura sí ẹgbẹ́ tó ń kó: «Ìwọ àti kòríkòsùn rẹ yẹn, mò ń wò yín o.» Ìkìlọ̀ yẹn fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́rìí sí ìwà rere, ìsúnmọ́ra ló jẹ́rìí sí. Ìfọkàntán inú rẹ̀ ti ara ìsúnmọ́ra náà wá, nítorí ẹni tí à ń rí lójoojúmọ́ kò lè fi ara pamọ́ fún wa pẹ́.

Èyí ni ilé èésú náà mọ̀, tí wọ́n sì ń lò ó pẹ̀lú ọgbọ́n tí n kò rí níbòmíràn. Mo wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí obìnrin kan tó ń ta ọ̀bọ̀kún mú ẹnì kan wá pé kòríkòsùn òun ni. Akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó mọ̀wàá hù púpọ̀, kí wọn lórí ìkúnlẹ̀, ó fún wọn ní ìjókòó, ó sì gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, «Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ìgbà wo lẹ jẹun kẹ́yìn nílé wọn? Orúkọ wo lẹ ń pe àbíkẹ́yìn wọn? Bí wọn ò bá wá sọ́jà fún ọjọ́ méjì, ta lẹ máa kọ́kọ́ pè?» Obìnrin tí wọ́n mú wá náà wo ojú ẹni tó mú un wá, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ pé kò tíì pẹ́ tí ìsọ̀ àwọn fara kanra. Akọ̀wé kò dójú tì í. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sọ òótọ́, ó sì sọ fún ìyá ọlọ́bọ̀kún pé kó lọ mú ẹni tó mọ ilé rẹ̀ wá.

Kò pẹ́ tí ó fi padà dé pẹ̀lú ìyá kan tó dàgbà jù ú lọ, tí ìpẹ́ ẹja ṣì lẹ̀ mọ́ apá rẹ̀ títí dé ìgúnpá, tó hàn gbangba pé ìdí ọ̀bẹ ni wọ́n ti pè é dìde. Wọn kò tíì bi í ní ìbéèrè kejì tán tí ó fi dáhùn pé, «Àbíkẹ́yìn wọn kẹ̀? Èmi ni mo gbé e pọ̀n lọ sí ọsibítù nígbà tí ibà dá a gúnlẹ̀.» Ó sọ oṣù tí ó ṣẹlẹ̀, ó sọ iye tí wọ́n san, ó sì fi kún un pé ìyá ọmọ náà ti san tòun padà láìjẹ́ pé òun béèrè. Akọ̀wé gbé bírò rẹ̀, ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, pé ó san án padà láìjẹ́ pé a béèrè, ju ìwé ilé mẹ́ta lọ fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ènìyàn yóò dá èésú rẹ̀ dópin, kò sì sí báǹkì tí yóò rí i nínú ìwé kankan.

Ìlú Èpé kì í fi ọ̀rọ̀ ẹni tó dúró tini ṣeré, ìtàn ìlú náà fúnra rẹ̀ ló sì fà á. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, tí wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí ìtẹ́, Èpé ni Kòsọ́kọ́ forí lé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bá a wá. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Òṣòdì Tápà, balógun rẹ̀, ọmọ Tápà tí wọ́n mú wá sí Èkó ní kékeré, tó dàgbà ní ilé bàbá Kòsọ́kọ́, tí kò sì bá ìdílé ọba tan. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tó so wọ́n pọ̀, síbẹ̀ ó fi Èkó sílẹ̀ nígbà tí ọba rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ọdún 1862 ni wọ́n tó padà sí Èkó, orúkọ Èpé ni wọ́n sì fi sọ àdúgbò tí Òṣòdì àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí ní Erékùṣù Èkó, èyí ni Èpétẹ̀dó. Àwọn ará Èkó-Èpé, ìyẹn ìran àwọn tó bá Kòsọ́kọ́ wá, ṣì ń fi ọdún Kayokayo rántí ìgbà tó gúnlẹ̀ sí Èpé. Ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ orúkọ kòríkòsùn sínú fọ́ọ̀mù yìí ni kò ronú kan Òṣòdì Tápà rárá nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìlú tó bá ń ṣe ọdún lọ́dọọdún fún àwọn tó bá ẹni tó pàdánù rìn dé èbúté yóò mọ ìwọ̀n irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá fi èyí wé àwọn áàpù ayánilówó orí fóònù tí àwọn ọ̀dọ́ ń sá tọ̀ nígbà tí wọ́n bá nílò owó kíákíá. Àwọn náà ń fẹ́ mọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mọ̀ wọ́n ni pé wọn yóò kó gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù rẹ. Níbẹ̀, ìyá tó bí ọ, kòríkòsùn rẹ, ẹni tó ta ìbùsùn fún ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo àti ọ̀gá ibi iṣẹ́ tí o ti kúrò, bákan náà ni gbogbo wọn rí. Nígbà tí owó bá pẹ́, àwọn kan nínú áàpù wọ̀nyí a fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìdójútì ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ náà sì le débi pé àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, FCCPC, ní láti gbé ìlànà kalẹ̀ fún wọn ní ọdún 2022. Ètò tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ojúlùmọ̀ àti kòríkòsùn ni ń hu irú ìwà yẹn. Ilé èésú Èpé yìí mọ ìyàtọ̀ náà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń yìn wọ́n.

Ní ti owó fúnra rẹ̀, n kò ní ẹ̀sùn kankan. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ìpàdé, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sí ọ̀sán kí àwọn tó lọ sí àṣálátù àti àwọn tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lè ti dé. Ìyá alákòóso yóò gbé ìwé ńlá sórí tábìlì, akọ̀wé yóò sì ka orúkọ gbogbo ènìyàn jáde pẹ̀lú iye tí oníkálukú dá, ẹni tí kò tíì dá tirẹ̀ yóò sì gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ létí gbogbo ìjọ. Kí a tó dìde ni wọn yóò ti fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹni tó kàn, a ó sì dúró títí àlẹ́ẹ̀tì yóò fi dún lórí fóònù rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń yọ fún iṣẹ́ wọn kò pọ̀, wọ́n sì ti sọ ọ́ fún ènìyàn kó tó wọlé. Bí a ṣe ń tò tẹ̀ lé ara wa, ìwé kíká ni: a ó ká a sínú igbá, oníkálukú yóò sì mú tirẹ̀. Ẹni tí ìnáwó bá dé bá lè bá ẹlòmíràn ṣe pàṣípààrọ̀, bí àwọn méjèèjì bá ti gbà níwájú ìyá alákòóso. Wàhálà kan ṣoṣo tó máa ń wà ni ti àsìkò Iléyá àti Kayokayo, tí gbogbo ènìyàn fẹ́ kó owó ṣáájú wọn, wọ́n sì ti wá nǹkan ṣe sí ìyẹn náà, nítorí ẹni tó bá kó o ṣáájú Iléyá lọ́dún kan kò ní mú ìwé oṣù yẹn lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ibi tí mo ti bá wọn jà wà lẹ́yìn fọ́ọ̀mù. Níbẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, ní lẹ́tà kéékèèké, pé bí ẹni tó wọlé kò bá dá owó rẹ̀ fún oṣù méjì, àwọn kòríkòsùn rẹ̀ méjèèjì ni yóò san án. Wọ́n fọwọ́ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ti wo bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sí i: ìyá tí wọ́n pè dìde nídìí ẹja rò pé wọ́n pè òun wá jẹ́rìí ni, ó jẹ́rìí, wọ́n na bírò sí i, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ohun tó yé e ni ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ ní iwájú fọ́ọ̀mù, kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ ọ́ dà ní ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo mọ àwọn obìnrin méjì tí wọ́n jọ ń yan ẹja lórí ààrò kan náà. Ọ̀kan nínú wọn ló mú ìwé àkọ́kọ́ nínú igbá, ó kó owó náà, ó sì fi ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi fún ọkọ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà bàjẹ́ kó tó pa owó ara rẹ̀, kò sì rí èésú dá mọ́. Ilé èésú pe èkejì gẹ́gẹ́ bí fọ́ọ̀mù ṣe sọ, ó sì san án nínú owó tó ti yà sọ́tọ̀ fún ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀. Owó kò sọnù fún ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́, ìwé ńlá sì pé pérépéré ní Àìkú tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ààrò ti di méjì báyìí, bí ọ̀kan bá sì ń ti ọ̀nà omi bọ̀, èkejì a gba ẹ̀yìn ilé lọ. Èmi kò lè ka ìyẹn sí ètò tó yọrí sí rere, bí ó ti wù kí ìwé owó pé tó.

Onídùúró ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ní èdè wa, ọ̀rọ̀ náà sì ṣe kedere. Ẹni tó bá dúró fún gbèsè mọ̀ pé gbèsè lòun dúró fún. Láyé àwọn bàbá wa, nígbà tí wọ́n ń rán ológò lọ sí ilé onígbèsè, tí yóò jókòó síbẹ̀, tí yóò máa kígbe, tí yóò sì máa pa adìyẹ àti ewúrẹ́ tó bá tó ọwọ́ rẹ̀ jẹ títí wọn yóò fi wá owó, kò sí ẹni tó ń dúró fún gbèsè láìmọ ohun tó lè wọlé tọ òun. A máa ń wo ẹni tó lápá kí a tó ní kó dúró: ẹni tó ní ilé, ẹni tó ní oko kòkó, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń yáwó.

Kókó tí mo rò pé ilé èésú náà kò tíì rò dé ìdí nìyẹn. Kòríkòsùn ni ẹlẹ́rìí tó dára jù lọ, nítorí ó ń rí wa lójoojúmọ́. Òun náà ló sì sábà máa ń jẹ́ onídùúró tí kò lágbára rárá, nítorí ìdí kan náà: ibi tí a ti ń jẹun lòun náà ti ń jẹun. Nígbà tí ewé omi bá bo ọ̀sà, tí ọkọ̀ àwọn apẹja kò lè kọjá, ẹja kò ní wọ Olúwo, ọwọ́ aláyangbẹ yóò sì dilẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ẹni tó ń ta tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀kan kò bá rí èésú dá ni èkejì náà kò ní rí jẹ. Ká sọ gbèsè ẹni tó ń rì sí ẹni tí wọ́n jọ wà nínú omi lọ́rùn, ọ̀nà tí a fi ń rí ẹni méjì gbé ní ìsàlẹ̀ omi nìyẹn.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí tọ ìyá alákòóso lọ, ó sì fi sùúrù gbọ́ mi parí. Ìdáhùn rẹ̀ ní láárí, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí gbọ́ ọ. Ó ní, «Bí ẹnu nìkan ni wọ́n máa fi jẹ́rìí, tí kò sí ohun tó máa dùn wọ́n, wọn á máa bá ara wọn purọ́. Owó tó wà nídìí ẹ̀ ló ń jẹ́ kí wọ́n sòótọ́.» Mo gbà pé irọ́ ọ̀rẹ́ fún ọ̀rẹ́ wà. Ṣùgbọ́n mo rán wọn létí obìnrin ọjọ́ yẹn tó jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ pé ojúlùmọ̀ lòun. Kò tíì dé ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù nígbà náà, kò sì mọ̀ pé owó wà níbẹ̀. Ìbéèrè akọ̀wé ló yọ òótọ́ jáde. Ohun tí mo dábàá ni kí wọ́n fi ìlà méjì ti kòríkòsùn sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n yọ gbèsè kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n sì fi ìlà kan kún un fún onídùúró, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń wọlé, tí wọn yóò ka àdéhùn sí létí pẹ̀lú ohùn rara kó tó fọwọ́ sí i. Ó ní àwọn yóò jọ rò ó. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, fọ́ọ̀mù àtijọ́ ló ṣì wà lórí tábìlì.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù kò ní kí ènìyàn má lọ. Yàrá náà kéré, ooru sì máa ń mú níbẹ̀ bí iná bá lọ. Àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ ń dùn kò ní fẹ́ràn bẹ́ǹṣì wọn. Wọ́n ń gbé fóònù bí a bá pè wọ́n. Wọn kì í gba kòríkòsùn tó fẹ́ fi fídíò sọ̀rọ̀ láti Ajah tàbí láti ọ̀nà jíjìn, àwọn ọ̀dọ́ sì ń ráhùn lórí èyí, ṣùgbọ́n mo wà lẹ́yìn ilé èésú níbẹ̀, nítorí ẹni tí kò lè wá sí Èpé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nítorí rẹ kò jọ ẹni tí kì í sùn bí kò bá rí ọ. Ohun tí wọ́n lè ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ ni kí wọ́n máa ṣí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, nítorí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti Ọjọ́ Ajé sí Ẹtì kò ní rí àyè mú ọ̀rẹ́ wá ní ọ̀sán Ọjọ́rú.

Mo ṣì ń dá èésú mi níbẹ̀, n óò sì tún wọ ìdáwó tó ń bọ̀, èyí tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Iléyá. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa wọlé, kó mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tì méjì àti owó oṣù àkọ́kọ́ dání. Kó kọ́kọ́ gba fọ́ọ̀mù lọ sílé ná, nítorí wọ́n gbà kí ènìyàn gbé e lọ. Kó yí i sí ẹ̀yìn, kó ka ohun tó wà níbẹ̀ fún àwọn kòríkòsùn rẹ̀ méjèèjì ní èdè tó yé wọn, kó sọ iye owó náà gan-an fún wọn, kó sì fún wọn ní àyè láti kọ̀ kí wọ́n tó gbéra lọ sí Olúwo.